Bí A Ṣe Ń Ṣí Fílítà Ọ́ìlì Nípò Lára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Asáré

Fílítà ọ́ìlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì bó ṣe ti iléeṣẹ́ wá, ojú kan ṣoṣo ló ti lè jò: ibi tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kan búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá ṣí i kúrò níbẹ̀, tí ẹ fi họ́ọ̀sì méjì gbé e lọ sí ibòmíràn, ẹ ka àwọn ojú tó lè jò wò. Gásíkẹ́ẹ̀tì àdápítà (irin tí a dè sí ipò fílítà, tí họ́ọ̀sì ti ń jáde) lára búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan. Ihò méjì tí fítíǹgì (irin kékeré tí a ń de họ́ọ̀sì mọ́) wọ̀ lára àdápítà. Ibi méjì tí ẹnu họ́ọ̀sì ti kan fítíǹgì. Ibi méjì tí họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti wọnú ẹnu irin rẹ̀. Méje nìyẹn. Irú méje bẹ́ẹ̀ tún wà lápá ibi tí fílítà máa jókòó sí. Ojú kan ti di mẹ́rìnlá, gbogbo ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń lò ló sì ń gba inú wọn kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí.

Ṣé ó pọn dandan?

Àwọn ìdí gidi wà. Páìpù tọ́bò tàbí mánífóòdù tuntun lè gba àyè tí fílítà wà. Ẹ́ńjìnnì tí a yọ nínú ọkọ̀ kan tí a gbé sínú òmíràn lè jẹ́ kí fílítà máa kan ọ̀pá sítíárìngì tàbí irin tó dábùú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Fílítà mìíràn súnmọ́ páìpù sáléńsà débi pé ooru á yan rọ́bà ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ẹlòmíràn fẹ́ lo kùlà ọ́ìlì pẹ̀lú fílítà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí eré àsápẹ́ lórí pápá ìdíje máa ń mú ọ́ìlì gbóná kọjá bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àyè sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ wá fílítà kúkúrú tí tíréèdì rẹ̀ àti fáàfù inú rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, tàbí àdápítà oníkọ̀rọ̀ tó ń yí fílítà sí ẹ̀gbẹ́ ní 90°. Kò sí èyí tó fi họ́ọ̀sì kún un nínú méjèèjì. Bó bá sì jẹ́ kùlà nìkan lẹ fẹ́, àwo àdápítà tí a ń fi sáàárín búlọ́ọ̀kù àti fílítà ti tó. Fílítà á dúró sí ipò rẹ̀. Ṣíṣí fílítà nípò kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Àyè, ìtutù àti ìrọ̀rùn ìtọ́jú ló wà níbẹ̀, bí ẹ kò bá sì nílò ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà, àti ohun tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù

Ẹ mú fílítà tuntun lọ́wọ́, kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sókè. Ihò ńlá kan tó ní tíréèdì wà láàárín. Àwọn ihò kéékèèké sì yí i ká. Ẹ tan iná wo inú ọ̀kan nínú àwọn ihò kéékèèké yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ fílítà, ẹ máa rí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó bò wọ́n láti inú. Ẹ fi ọ̀pá tín-ínrín tì í díẹ̀, yóò yẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò padà wá bo ihò.

Pọ́ńpù ń ti ọ́ìlì wọlé láti àwọn ihò kéékèèké. Ọ́ìlì á ti rọ́bà yẹn sẹ́yìn, á gba inú bébà asẹ́ kọjá, á jáde ní ihò àárín, á sì forí lé bẹ́ríǹgì. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, rọ́bà á padé kí ọ́ìlì inú fílítà má baà ṣàn padà sí ìsàlẹ̀.

Ká wá ní ẹ fi họ́ọ̀sì méjèèjì sípò ara wọn. Ọ́ìlì á gba àárín wọlé, á sì tẹ rọ́bà náà mọ́ àwọn ihò láti inú. Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Géèjì kò ní gòkè, kíráńkì á máa yí lórí bẹ́ríǹgì tí kò rí ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí fílítà náà kò bá ní rọ́bà yẹn, bébà tí wọ́n ṣe láti gba ìtì láti ìta wá á máa gba ìtì láti inú, á wú, á sì ya.

Ẹ má fi ọkàn tán ọ̀rọ̀ IN àti OUT tí wọ́n kọ sára àdápítà. Olùṣe kan ń kọ ọ́ láti ojú ẹ́ńjìnnì, òmíràn ń kọ ọ́ láti ojú fílítà, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì lè ta kora. Ẹ fi ẹnu tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò kọ̀ọ̀kan lára àdápítà búlọ́ọ̀kù. Èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ bá jáde létí, níbi tí ọ́ìlì ti ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀, ni ọ̀nà àjáde. Kí ẹ so ó mọ́ ihò tó já sí àwọn ihò kéékèèké fílítà lára ìjókòó fílítà. Èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ jáde láàárín ni ọ̀nà ìpadà. Àárín ìjókòó fílítà ni kó ti wá. Ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ àjáde, kí ẹ lẹ búlúù mọ́ ìpadà, ní ìparí họ́ọ̀sì méjèèjì. Etí sí etí, àárín sí àárín: bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí.

Fáàfù kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: fáàfù báípáàsì. Bí ọ́ìlì bá tutù tó sì ki, tàbí bí ìdọ̀tí bá ti dí bébà, fáàfù yìí máa ń ṣí kí ọ́ìlì tí a kò sẹ́ lè dé bẹ́ríǹgì, nítorí ọ́ìlì tó dọ̀tí sàn ju àìsí ọ́ìlì lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fílítà, ìyàtọ̀ pírẹ́ṣọ̀ tó ń ṣí i wà láàárín 8 sí 22 psi. Ẹ́ńjìnnì mìíràn sì wà tí fáàfù yìí kò sí nínú fílítà rẹ̀, inú búlọ́ọ̀kù ló wà. V8 kékeré àtijọ́ ti Chevrolet jẹ́ ọ̀kan. Níbẹ̀, bí àdápítà yín bá bo fáàfù náà, ẹ gbọ́dọ̀ lo fílítà tàbí ìjókòó tó ní tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fi ti búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe fílítà nìkan ló máa máa wọ̀n mọ́. Ìnira họ́ọ̀sì, ti kọ̀rọ̀ fítíǹgì àti ti kùlà máa wọnú ìṣirò rẹ̀, á máa ṣí lemọ́lemọ́, ọ́ìlì tí kò gba fílítà kọjá á sì máa lọ sí bẹ́ríǹgì láìjẹ́ pé géèjì sọ ohunkóhun. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, dídí ti búlọ́ọ̀kù àti lílo fílítà tó ní fáàfù tirẹ̀ ló dára jù.

Àwọn ohun èlò

Àdápítà búlọ́ọ̀kù, ìjókòó fílítà, fítíǹgì mẹ́rin, họ́ọ̀sì, ẹnu họ́ọ̀sì mẹ́rin, fílítà tuntun, kíláǹpù onírọ́bà, irin ìgbékọ́. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

*Tíréèdì àárín.* 3/4-16 (fífẹ̀ ní íǹṣì, lẹ́yìn náà iye eyín tíréèdì nínú íǹṣì kan) ló wà lára ọ̀pọ̀ Ford àti Toyota. M20x1.5 (fífẹ̀ ní mm, lẹ́yìn náà àlàfo eyín kan sí èkejì ní mm) ló wà lára ọ̀pọ̀ Honda, Subaru àti Mazda. Ẹ́ńjìnnì LS ti General Motors tó kọ́kọ́ jáde ń lo 13/16-16, àwọn tó dé lẹ́yìn ń lo M22x1.5. Ẹ fi géèjì tíréèdì wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wò ó. Íǹṣì 3/4 jẹ́ 19.05 mm, M20 jẹ́ 20 mm. Fílítà M20 lè wọ ọ̀pá 3/4, á yí, á tiẹ̀ dà bíi pé ó mú, nígbà tó jẹ́ pé ṣóńṣó eyín tíréèdì nìkan ló kanra. Níjọ́ tí ẹ bá tẹ eré mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì ṣì tutù, á fò jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni fílítà M22 lórí ọ̀pá 13/16.

*Họ́ọ̀sì.* Nọ́ńbà AN (Army-Navy, ìlànà ìwọ̀n họ́ọ̀sì àti fítíǹgì) ń tọ́ka sí ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì: AN-10 jẹ́ 10/16, ìyẹn bíi 15.9 mm, ti ìta páìpù. Ihò inú họ́ọ̀sì AN-10 tó bíi 14 mm, ti AN-8 tó bíi 11 mm. Ìyàtọ̀ náà dà bíi kékeré lójú, àmọ́ ẹ ṣírò ojú ihò: ti AN-8 kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti AN-10 lọ. AN-10 ni ẹ lò fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin àti mẹ́fà. V8 tí pọ́ńpù rẹ̀ ń ti ọ́ìlì púpọ̀ yẹ fún AN-12. Kò sí ìdí rere kankan tó lè mú kí a lo AN-8 fún ọ̀nà tí ọ́ìlì gbogbo ẹ́ńjìnnì ń gbà.

Ẹ tún wo inú fítíǹgì fúnra rẹ̀. Kí ni àǹfààní họ́ọ̀sì 14 mm bí fítíǹgì tó wọnú àdápítà bá ní ihò 10 mm? Kọ̀rọ̀ 90° tí wọ́n gbẹ́ ihò méjì kó pàdé ní ṣánṣán nínú irin ń ná ọ́ìlì ju èyí tí a fi páìpù títẹ̀ ṣe lọ. Ẹ lo ti páìpù títẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí kọ̀rọ̀ sì mọ níwọ̀n.

*Ihò àdápítà.* Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. NPT ní tíréèdì tó ń tín-ín-rín lọ síwájú, tíréèdì fúnra rẹ̀ ló sì ń dí ojú jíjò. ORB ní tíréèdì tó dọ́gba, òrúka rọ́bà ló ń dí i. Fún AN-10, 7/8-14 ni tíréèdì rẹ̀. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ yan ORB. Ìṣòro NPT ni pé ó gbọ́dọ̀ le, ó sì tún gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ẹ fẹ́. Bó bá kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ẹ kò lè dá a padà láìjẹ́ pé ó jò, bí ẹ bá sì tún fi agbára yí i, àdápítà alumíníọ̀mù á là. Bó bá jẹ́ NPT lẹ ní, sílántì olómi (èròjà tó ń dí ojú jíjò) tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ fi tíréèdì méjì iwájú sílẹ̀ láìpa. Ẹ má lo téèpù funfun. Òwú rẹ̀ á já, á bá ọ́ìlì lọ, á sì dí ihò tí kò ju ìpẹ̀kun bíró lọ nínú ẹ́ńjìnnì.

Òrúka rọ́bà tí wọ́n fi Viton ṣe ni kí ẹ béèrè. Ó fara da ooru tó tó 200°C. Rọ́bà nitrile lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi bí ooru bá ń kọjá 120°C fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì ọkọ̀ asáré sì lè débẹ̀.

Họ́ọ̀sì onírọ́bà àti họ́ọ̀sì PTFE (irú ike tí a mọ̀ sí Teflon) kì í lo ẹnu kan náà. PTFE ń fara da ooru jù, kì í sì í rà. Ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ní òrúka idẹ kan nínú tó ń dì í mú. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ó máa bọ́.

Ibi tí fílítà máa wà

Kí ẹnu fílítà kọjú sókè, kí a máa dè é láti ìsàlẹ̀ ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ń dúró sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ sì lè rọ ọ́ kún kí ẹ tó dè é. Ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ṣeé fara mọ́ bí rọ́bà inú rẹ̀ bá dára. Ẹnu sísàlẹ̀ kò dára: bí ẹ bá tú u, gbogbo ọ́ìlì á dà lé ọwọ́ àti ẹ́ńjìnnì.

Kí ó má ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, kó má sì jẹ́ ohun tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀, nítorí òkúta àti etí ọ̀nà. Bó bá wà lẹ́yìn táyà, ẹ fi àwo irin bò ó. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí páìpù sáléńsà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ó kéré tán. Bí àyè kò bá gbà á, ẹ fi àwo adáàbòbò-ooru sáàárín, kí ẹ sì fi àpò tí iná kò lè jó bo họ́ọ̀sì. Ọ́ìlì tó bá ta sí tọ́bò tó ń pọ́n bí ẹyín iná á gbiná lójú ẹsẹ̀.

Fílítà tó kún ń wúwo, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n. Irin pẹlẹbẹ tín-ínrín á máa jì, á sì là létí ihò bóòtù. Irin 3 mm tàbí alumíníọ̀mù 5 mm, pẹ̀lú bóòtù M8, ni kí ẹ fi gbé ìjókòó kọ́. Bó bá jẹ́ ara ọkọ̀ lẹ kàn án mọ́, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì ń mì lórí ẹ́ńjìnnì síìtì rẹ̀, ara ọkọ̀ kò sì bá a mì. Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní ìfàgùn tó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tí a ò fà le.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ mú ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ kọ iye tí géèjì ọ́ìlì ń kà sílẹ̀, bó ti wà ní jẹ́jẹ́ àti ní 3,000 rpm. Láìsí iye yẹn, kò sí ohun tí ẹ máa fi wé lẹ́yìn iṣẹ́.

1. Ẹ da ọ́ìlì nù, kí ẹ tú wáyà nẹ́gétífù bátìrì, kí ẹ sì tú fílítà àtijọ́. Ẹ yẹ ẹnu fílítà tí ẹ tú wò: ṣé rọ́bà rẹ̀ bá a jáde? Bí kò bá sí níbẹ̀, ara búlọ́ọ̀kù ló lẹ̀ mọ́, dúdú lórí irin dúdú, ojú kì í tètè rí i. Ẹ fi ìka yí ojú ibẹ̀ ká. Rọ́bà méjì lórí ara wọn máa ń mú dáadáa nígbà tí ẹ bá ń dè é, ó sì máa ń bẹ́ jáde bí pírẹ́ṣọ̀ bá gòkè, gbogbo ọ́ìlì á sì tán láàárín ìṣẹ́jú kan.

2. Ẹ gbé àdápítà sí i ní gbígbẹ. Bó bá ní bóòtù àárín, ẹ wọn jíjìn ihò kí ẹ fi wé gígùn bóòtù. Bóòtù tó bá kan ìsàlẹ̀ ihò á le kankan lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ó tẹ òrúka rọ́bà. Ẹ wo ibi tí ihò méjèèjì máa kọjú sí, bóyá họ́ọ̀sì á ráyè yà.

3. Ẹ fọ gbogbo ohun tuntun. Èérún irin ìgbẹ́ sábà máa ń wà nínú ihò àdápítà tuntun. Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì, atẹ́gùn, lẹ́yìn náà aṣọ funfun. Bí aṣọ bá ṣì ń dọ̀tí, ẹ tún un fọ̀. Kùlà tàbí họ́ọ̀sì tó ti wà lára ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì rí, ẹ má lò ó mọ́. Kò sí bí ẹ ṣe fọ̀ ọ́ tí èérún bẹ́ríǹgì á tán nínú rẹ̀.

4. Ẹ fi ọ́ìlì pa òrúka rọ́bà, kí ẹ de àdápítà pẹ̀lú sípánà ìwọ̀n ní iye tí olùṣe kọ. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí àdápítà dé ara búlọ́ọ̀kù. Bí ìlà náà bá yà lọ́jọ́ kan, àdápítà ti ń yí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ìjókòó fílítà mọ́ ibi tí ẹ ti yàn, kí ẹ sì de fítíǹgì rẹ̀.

5. Ẹ wọn họ́ọ̀sì nígbà tí ọkọ̀ wà lórí táyà rẹ̀. Okùn tàbí họ́ọ̀sì omi àtijọ́ tó nípọn bákan náà ni kí ẹ fi tọ ọ̀nà, kí ẹnu họ́ọ̀sì sì wà ní ipò wọn. Ẹ yí sítíárìngì lọ sí ọ̀tún àti òsì pátápátá kí ẹ wo ohun tó máa kàn án. Iye tí olùṣe kọ fún títẹ̀ họ́ọ̀sì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Họ́ọ̀sì tí a tẹ̀ jù á pẹlẹbẹ níbi tó ti tẹ̀, ihò 14 mm á sì di ojú tín-ín-rín.

6. Ẹ fi téèpù le koko wé ibi tí ẹ fẹ́ gé ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ fi dísìkì tín-ínrín gé e gún régé láàárín téèpù. Àìwé téèpù ló ń jẹ́ kí wáyà irin tó hun tú ká bí irun, tí yóò sì máa gún ọwọ́. Fún họ́ọ̀sì onírọ́bà, ẹ ti í wọnú apá ẹ̀yìn ẹnu họ́ọ̀sì títí tó fi kan ìdíwọ́ inú, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ họ́ọ̀sì ní etí irin gan-an. Ẹ fi ọ́ìlì pa tíréèdì àti imú apá iwájú, kí ẹ sì yí i wọlé. Bí téèpù náà bá ti jìnnà sí etí irin ju 2 mm lọ nígbà tí ẹ parí, họ́ọ̀sì ti yọ́ sẹ́yìn. Ẹ tú u, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó bá yọ́ sẹ́yìn báyìí lè má jò lónìí, ṣùgbọ́n á bọ́.

7. Ẹ fọ inú họ́ọ̀sì lẹ́yìn gígé, nítorí erùpẹ̀ rọ́bà àti irin ti wọ inú rẹ̀. Ẹ dí ẹnu kan, ẹ rì í sínú omi, kí ẹ sì fún un ní atẹ́gùn bíi 60 psi. Kí ẹ wọ awò ojú, kí ẹnu họ́ọ̀sì má kọjú sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí hóhò omi kan ṣoṣo, ẹ tún un ṣe.

8. Ẹ de họ́ọ̀sì mọ́ fítíǹgì, pupa sí pupa, búlúù sí búlúù. Ọ́ìlì díẹ̀ lórí tíréèdì, ọwọ́ lásán títí tó fi kan, lẹ́yìn náà sípánà méjì: ọ̀kan di fítíǹgì mú, ìkejì ń yí nọ́ọ̀tù. Sípánà kan ṣoṣo á máa yí àdápítà pẹ̀lú ohun tí ẹ ń dè. Ojú kóònù AN ní igun 37°, irin sí irin ni. Kò nílò sílántì tàbí téèpù kankan. Agbára àjùlọ ló ń bà á jẹ́.

9. Ẹ fi kíláǹpù onírọ́bà di họ́ọ̀sì mú ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà síra wọn. Họ́ọ̀sì tí wáyà irin hun sí lára dà bí ayùn. Ó ń rẹ́ rọ́bà wáyà iná, ó ń rẹ́ páìpù bíréèkì, ó ń rẹ́ rédíétọ̀ alumíníọ̀mù, díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n. Níbikíbi tó bá ti súnmọ́ nǹkan, ẹ fi rọ́bà bò ó.

10. Ẹ rọ ọ́ìlì kún fílítà, ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà ẹnu rẹ̀, ẹ yí i títí tó fi kan, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kún un.

Sẹ́nsọ̀ pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì, ẹ fi í sílẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù, níbi tí ọ́ìlì ti gba fílítà kọjá. Bí ẹ bá gbé e sórí ìjókòó fílítà lápá ìwọlé, pírẹ́ṣọ̀ pọ́ńpù lẹ máa máa rí. Bébà lè ti dí, bẹ́ríǹgì lè máa pa òùngbẹ, géèjì á ṣì máa sọ pé ó dára.

Rírọ ọ́ìlì àti títan ẹ́ńjìnnì nígbà àkọ́kọ́

Mítà kan họ́ọ̀sì AN-10 ń gba nǹkan bíi 0.15 lítà. Họ́ọ̀sì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan á gba 0.3 lítà, ẹ fi ohun tí fílítà ńlá àti kùlà gbà kún un. Ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì kò mọ̀ pé ẹ ti fi họ́ọ̀sì kún ọkọ̀. Ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì òkè, kí ẹ sì ní lítà kan mìíràn nítòsí.

Ẹ yọ fíúsì pọ́ńpù fúẹ̀lì, ẹ tú sókẹ́ẹ̀tì ìtanná, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ẹ so bátìrì padà, kí ẹ fi kíkì sítátà yí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún yí i. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí géèjì á fi gòkè. Láìsí púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bẹ́ríǹgì kò sì ru ẹrù kankan, nítorí náà kò séwu fún un bí ọ́ìlì ti ń wá ọ̀nà rẹ̀. Bí géèjì kò bá gbéra lẹ́yìn ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú họ́ọ̀sì ìpadà lára àdápítà, ẹ gbé kọ́ọ̀bù sábẹ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún yí i. Ẹ dá a padà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún họ́ọ̀sì àjáde níbi tó ti wọ ìjókòó fílítà. Bí ọ́ìlì bá ń jáde nínú họ́ọ̀sì àjáde tí kò sì jáde nínú ti ìpadà, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ rọ́bà inú fílítà: họ́ọ̀sì ti ṣe òdì. Bí kò bá sí ọ́ìlì nínú èyíkéyìí, pọ́ńpù kò tíì fa.

Nígbà tí géèjì bá ti gòkè, ẹ dá ohun gbogbo padà, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ojú yín wà lára géèjì. Bí pírẹ́ṣọ̀ kò bá wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ pa á. Bó bá wá, kí ẹnì kejì fi iná yẹ gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wò. Ẹ má tẹ eré títí ọ́ìlì á fi gbóná. Ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yẹ ọ̀pá ìwọ̀n wò, kí ẹ fi ọ́ìlì kún un.

Nísinsìnyí ni kí ẹ mú iye tí ẹ kọ sílẹ̀ wá. Kí ọ́ìlì gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó fi wé e. Bó bá fi psi méjì tàbí mẹ́ta dín, ìyẹn ni owó ibodè họ́ọ̀sì àti kọ̀rọ̀. Bó bá fi mẹ́wàá dín, nǹkan kan há: fítíǹgì oníhò kékeré, họ́ọ̀sì tó tẹ̀ pẹlẹbẹ, tàbí èérún rọ́bà tó rọ̀ sẹ́nu họ́ọ̀sì nínú.

Bí nǹkan bá ṣẹ̀

Jíjò ní kóònù AN: ẹ má kàn fi agbára kún un. Ẹ tú u, ẹ wo ojú kóònù náà lábẹ́ iná. Èyí tó jókòó dáadáa á ní òrúka tó ń dán, tó yí i ká láìjá. Bí òrúka náà bá já níbì kan, ìlà tàbí ìdọ̀tí wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tù kò sì lè tún un ṣe. Ẹ pààrọ̀ fítíǹgì náà.

Géèjì tó ń pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀, tó sì dára lẹ́yìn náà: fílítà ń ṣàn gbẹ lóru. Rọ́bà inú rẹ̀ ti le, tàbí ìjókòó ti ga jù. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fílítà. Bí kò bá yí padà, ẹ sọ ìjókòó kalẹ̀.

Ọ́ìlì tó ń rin ara họ́ọ̀sì nítòsí ẹnu irin rẹ̀, láìsí ẹ̀kán tó ń já: họ́ọ̀sì ti ń yọ. Ẹ má fi kíláǹpù dè é. Ẹ gé e, kí ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn 50 km àkọ́kọ́, ẹ tún yẹ gbogbo nọ́ọ̀tù àti ìlà ọ̀dà wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ní 500 km, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ sì fi irinṣẹ́ agé-fílítà là á. Ẹ má lo ayùn irin, nítorí èérún ayùn á dàpọ̀ mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ wò. Ẹ na bébà rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn. Rọ́bà dúdú díẹ̀ ni ìyókù gígé họ́ọ̀sì. Ohun tó ń dán bíi wúrà tàbí fàdákà ti bẹ́ríǹgì wá. Ẹ má tún tan ẹ́ńjìnnì náà títí ẹ ó fi tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn náà, ẹ tú họ́ọ̀sì níbi tó rẹlẹ̀ jù, nítorí ọ́ìlì àtijọ́ inú họ́ọ̀sì àti kùlà kì í bá ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì jáde.